Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí: Akọni tó kọ ìyà fún Èkìtì, àti ìbọn tòkunbọ̀ tó sọ ogun ní Kírìjì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ìlú Èkìtì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn láyé àtijọ́, nígbà tí Ìbàdàn fi agbára ogun sọ wọ́n di ẹni tí ń sìn. Oríṣiríṣi ìyà ni wọ́n jẹ, wọ́n sì fara dà á, títí di ọdún 1878 tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí fárígá pé òun kò gbà mọ́. Fábùnmi ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló tan iná ogun tó gba nǹkan bí ọdún 16 lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, ogun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí ogun Kírìjì.

Ẹni tó bá ti Adó-Èkìtì jáde, tó gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá, tó dé Àràmọkọ, tó sì tẹ̀ síwájú gba ọ̀nà Ìtàwúrẹ́, yóò rí i pé òkè ló yí gbogbo agbègbè náà ká. Láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni Òkè-Ìmẹ̀sí wà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Àwọn àgbà tún máa ń pè é ní Ìmẹ̀sí-Ìgbódó, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún Ìmẹ̀sí-Ilé tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Ọmọ ọba ni Fábùnmi ní ìlú yìí. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kò tíì di arúgbó ológun tí òkìkí rẹ̀ ti kàn tẹ́lẹ̀.

Bí Ìbàdàn ṣe di ọ̀gá lórí Èkìtì

Kí ìtàn Fábùnmi tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kí a mọ bí Ìbàdàn ṣe débẹ̀. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ológun tí ogun lé kúrò nílé lóríṣiríṣi ló kóra jọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé dàrú. Ní ọdún 1840, àwọn ló lé ogun Ìlọrin sẹ́yìn ní Òṣogbo, tí àwọn Fúlàní kò fi ráyè sọ̀kalẹ̀ dé etí òkun. Ọ̀pọ̀ ìlú ló dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà náà, torí ohun tí wọ́n ṣe kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbani lọ́wọ́ ẹkùn tún lè di ẹkùn síni lọ́rùn. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, ọmọ ogun Ìbàdàn wọ Èkìtì léraléra. Balógun Ìbíkúnlé, ọ̀kan nínú àwọn ológun tó gbóná jù lọ tí Ìbàdàn ní, wà lára àwọn tó kó ogun náà wá. Ní ọdún 1870 ni Iléṣà pàápàá ṣubú. Láti ìgbà náà, kò sí ìlú kan pàtàkì láàárín Òṣogbo sí Èkìtì tí ọwọ́ Ìbàdàn kò tó.

Bí Ìbàdàn bá ti ṣẹ́gun ìlú kan tán, wọn a fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ yìí ni ojú àti etí Ìbàdàn nínú ìlú. Òun ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun ló ń kó ọ̀dọ́ jọ bí ogun bá dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè bo ti ọba mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ajẹ́lẹ̀ nìkan ló ń da ìlú láàmú o. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa wọ oko olóko, wọn a mú ewúrẹ́ tí wọ́n bá fẹ́, wọn a gba adìẹ lọ́wọ́ opó, wọn a sì fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Ta ni yóò yẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò? Ẹni tó bá lu ìránṣẹ́ ajẹ́lẹ̀, Ìbàdàn ló lù.

Ọjọ́ tí sùúrù Fábùnmi tán

Ìtàn sọ pé Oyèpẹ́tun ni orúkọ ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Ní ọdún 1878, ọjọ́ tí Fábùnmi ń ṣe ọdún nílé rẹ̀, tí àlejò pọ̀, tí oúnjẹ àti ẹmu kún ilẹ̀, ni wàhálà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Àwọn kan tó ń pa ìtàn náà sọ pé àwọn ìránṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ló ya wọlé, tí wọ́n sì fi ìyàwó Fábùnmi ṣe ẹ̀sín lójú ọkọ rẹ̀ àti lójú àwọn àlejò. Àwọn mìíràn ní ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló hu ìwà náà. Èyí ó wù kó jẹ́, ibi kan náà ni ìtàn méjèèjì parí sí: Fábùnmi fa idà yọ, ó sì pa àwọn tó wá tàbùkù rẹ̀.

Ó yẹ kí òǹkàwé ronú nípa ohun tí èyí túmọ̀ sí láyé ìgbà náà. Bí ọkùnrin kan bá pa ènìyàn Ìbàdàn, gbogbo ìlú rẹ̀ ni Ìbàdàn yóò bá wí. Wọ́n lè sun ìlú náà di eérú, kí wọ́n sì kó tọkùnrin tobìnrin lẹ́rú. Nítorí náà, àwọn ìlú Èkìtì ní ọ̀nà méjì péré: kí wọ́n mú Fábùnmi, kí wọ́n fà á lé Ìbàdàn lọ́wọ́, tàbí kí gbogbo wọn dúró tì í.

Fábùnmi kò dúró kí ẹlòmíràn yan ọ̀nà fún òun. Ó ránṣẹ́ káàkiri sí àwọn ìlú yòókù pé kí wọ́n ṣe ohun tí òun ti ṣe. Kò pẹ́ tí iná ọ̀tẹ̀ fi ràn. Láti ìlú kan sí òmíràn ní Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà ni wọ́n ti ń dojú kọ àwọn ajẹ́lẹ̀. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tí orí kó yọ sì sá lọ. Ìgbà tí ìròyìn náà fi dé etí Ààrẹ Látòósà, tó jẹ́ olórí Ìbàdàn tó sì tún jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà

Èkìtì kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ọba mẹ́rìndínlógún ni àwọn àgbà máa ń kà, Ewì ti Adó, Ajerò ti Ìjerò, Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, Aláayè ti Ẹfọ̀n àti àwọn yòókù. Olúkúlùkù ló ń jọba ní àyè tirẹ̀, wọ́n sì máa ń bá ara wọn jà nígbà mìíràn. Ohun tí Ìbàdàn fi ń rí wọn mú nìyẹn, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bá wọn jà. Ohun tí ọ̀tẹ̀ Fábùnmi ṣe ni pé ó jẹ́ kí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni wọ́n pè ní Èkìtìparapọ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà wọ̀ ọ́, àwọn ará Ìlá àti Ìgbómìnà wọ̀ ọ́, àwọn Àkókó náà kò gbẹ́yìn. Ìlọrin tí ó ti ní Ìbàdàn sínú tẹ́lẹ̀ náà dara pọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn rárá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ogun Ìbàdàn pàdé wọn lẹ́bàá Ìkirun. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló ṣáájú ogun Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ogun alájọṣe sì fojú rí màbo. Bí wọ́n ṣe ń sá ni ọ̀pọ̀ wọn já sínú odò Ọ̀tìn, tí omi sì gbé wọn lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ìjà náà ní ogun Jálumi títí di òní. Ẹlòmíràn ìbá ti sọ pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Fábùnmi kò kú lójú ogun, kò sì juwọ́ sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ ní Ìkirun ni pé ìgboyà nìkan kò tó. Wọ́n nílò olórí ogun tó mọ ìjà Ìbàdàn nínú àti lóde. Ẹni tí gbogbo ojú ń wò ni Ògèdèngbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà tí Ìbàdàn ti mú lẹ́rú rí, tó sì kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ wọn. Ògèdèngbé kò kọ́kọ́ fẹ́ dá sí i. Ìhà Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún ló wà tó ń ja ogun tirẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Nígbà tó dé, òun ni wọ́n fi ṣe Sẹ́ríkí, olórí gbogbo ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀, Fábùnmi sì ṣe igbákejì.

Ibi tí ìwà akọni Fábùnmi ti hàn jù nìyí. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀tẹ̀, òun ló kọ́kọ́ kó ogun jọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó gbọ́n ju òun lọ nínú iṣẹ́ ogun dé, ó gbà láti tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti fọ́ nílẹ̀ Yorùbá nítorí pé ẹni tó dá a sílẹ̀ kọ̀ láti fi ipò sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ká ní Fábùnmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bóyá Èkìtìparapọ̀ ì bá má pé ọdún kan.

Ṣakabùlà kò tó mọ́

Ní nǹkan bí ọdún 1880, Ààrẹ Látòósà fúnra rẹ̀ ti kó ogun jáde nílé. Ìhà Ìgbájọ ni Ìbàdàn tẹ̀dó sí, Èkìtìparapọ̀ sì tẹ̀dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Òkè àti àfonífojì ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ibùdó ogun wọ̀nyí di ìlú tán: wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n ná ọjà, wọ́n bímọ, wọ́n sin òkú. Ọdún ń gorí ọdún, apá ẹnìkan kò sì ká ẹnìkejì.

Ìbọn tí tọ̀tún tòsì ń lò nígbà náà ni ṣakabùlà. Àwọn òyìnbó máa ń pè é ní ìbọn àwọn ará Denmark, torí pé àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń kó o wá sí etíkun ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti bá ọdẹ rìn rí yóò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọn a da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, wọn a fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, wọn a da ọta lé e, wọn a tún kì í. Lẹ́yìn èyí ni wọn a tó fi ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí iná yóò ti ràn. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀tù lè má gbiná. Bí ọ̀tá bá jìnnà díẹ̀, ọta lè má débẹ̀. Kí ènìyàn sì tó ki òmíràn, ọ̀tá ti lè fi idà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, ìbọn yìí ló sọ ọ̀pọ̀ ọdẹ di jagunjagun. Ọdẹ ló mọ bí a ṣe ń fara pamọ́ sínú igbó, òun ló mọ bí a ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ de ẹran, tí a kì í fi ẹ̀tù ṣòfò. Alágbẹ̀dẹ ló sì ń tún ìbọn tó bàjẹ́ ṣe. Ìdí nìyí tí wọn kò fi ń fi ọ̀rọ̀ Ògún ṣeré láàárín wọn, torí Ògún ló ni irin, òun ló ni ọdẹ, òun náà ló ni ogun.

Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó kò gbàgbé ilé

Nígbà tí ọ̀rọ̀ rí báyìí, Èkó ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ló ti wà l'Ékòó nígbà náà. Àwọn kan nínú wọn ni wọ́n ti kó lẹ́rú nígbà ogun, tí orí kó wọn yọ, tí wọ́n sì gba Sàró tàbí Brazil padà wálé. Wọ́n ti kàwé, wọ́n ti di oníṣòwò, àwọn òyìnbó sì ń gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ l'Ékòó láti ran àwọn ará ilé lọ́wọ́. Lára wọn ni Joseph Pythagoras Haastrup àti Philip Jose Meffre, ẹni tó ti Brazil dé, tó sì ń bá wọn ṣe ògbufọ̀ níwájú ìjọba Èkó.

Àwọn ni wọ́n rí ìbọn tuntun rà fún àwọn ará wọn lójú ogun. Ìbọn yìí kò jọ ṣakabùlà rárá, torí ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki í, kì í ṣe ẹnu. Snider ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á fún àwọn ọmọ ogun wọn. Kò ju ọdún márùn-ún lọ tí òmíràn tó ń jẹ́ Martini-Henry fi gba ipò rẹ̀. Nígbà tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì rí tuntun gbà, èyí tí wọ́n lò sílẹ̀ di ọjà fún àwọn oníṣòwò. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ìbọn tí ayé bẹ̀rù ní Kírìjì, gẹ́gẹ́ bí mọ́tò àti ẹ̀rọ amúlétutù tí à ń rà lónìí.

Tòkunbọ̀ tàbí tuntun, ohun àrà ni lójú àwọn jagunjagun. Ọta àti ẹ̀tù rẹ̀ ti wà pa pọ̀ nínú kátírììjì kan. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ yóò kàn ṣí ẹ̀yìn ìbọn, yóò ti kátírììjì bọ̀ ọ́, yóò pa á dé, yóò sì yìn ín. Sójà tó mọwọ́ rẹ̀ lè yin Snider lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó tún ní ilà tó yí po nínú, èyí tó ń mú kí ọta fò lọ tààrà sí ọ̀nà jíjìn. Òjò kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, ẹni tó ń lò ó sì lè dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn àpáta kó máa yìn ín, èyí tí kò ṣeé fi ṣakabùlà ṣe.

Kì í ṣe Èkìtì nìkan ni irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wọ ènìyàn lára. Ní ilẹ̀ Sweden, tó múlé gbe Denmark, ilé iṣẹ́ Husqvarna ti ń rọ ìbọn láti ọdún 1689. Ìbọn ọdẹ tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn ìgbà ogun Kírìjì ní irin kékeré kan lẹ́yìn, tí ọdẹ yóò gbé sókè, tí yóò fà sẹ́yìn, tí yóò sì tún tì padà kí ọta mìíràn lè wọlé. Títí di òní, àwọn ọdẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣì ń wá àwọn àtijọ́ rẹ̀ rà, torí irin rẹ̀ dára, igi ìdí rẹ̀ sì dán. Ohun tó wu ọdẹ lára ìbọn kò yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì: kó má já a kulẹ̀ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.

Ọ̀nà Oǹdó ni àwọn ìbọn wọ̀nyí gbà wọlé. Ní ọdún 1872 ni Gómìnà Glover ti ṣí ọ̀nà náà, láti Èkó lórí omi lọ sí apá ìlà-oòrùn, kí wọ́n tó gba orí ilẹ̀ lọ sí Oǹdó, kí wọ́n sì kọjá sí Iléṣà. Kò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, kò sì gba ti Ẹ̀gbá. Èyí dára fún Èkìtìparapọ̀, torí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Bí Ìbàdàn ṣe ń wá ẹ̀tù lójú méjèèjì ni kátírììjì ń wọ ibùdó Èkìtìparapọ̀.

Bí orúkọ Kírìjì ṣe jáde

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin àwọn ìbọn náà láàárín òkè, ìró rẹ̀ kò jọ ti ṣakabùlà. Bí ìbọn kan bá dún, àwọn òkè yóò dá a lóhùn, ìró náà yóò sì máa yí lọ bí àrá. Ohun tí etí àwọn ènìyàn gbọ́ ni kírìjì, kírìjì. Bí ogun náà ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ogun mìíràn nílẹ̀ Yorùbá a máa jẹ́ orúkọ ìlú tàbí ti ẹni tó jà á, ṣùgbọ́n ohùn ìbọn ni èyí ń jẹ́.

Ojú Ìbàdàn rí nǹkan ní àkókò yìí. Àwọn tó ti mọ́ lára láti jáde sí gbangba, kí wọ́n sáré kọlu ọ̀tá kó tó ráyè ki ìbọn rẹ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn odi amọ̀ ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Ìlú tó ti borí gbogbo ìlú tó yí i ká kò lè gba àfonífojì kan kọjá. Nígbà tó yá, àwọn náà wá ọ̀nà rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ojú ogun sì tún dọ́gba.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìbọn gba Èkìtì lọ́wọ́ ìparun, ṣùgbọ́n kò bá wọn parí ogun. Bí ẹnìkan bá ra tuntun, ẹnìkejì yóò wá tirẹ̀, ikú ni yóò sì máa pọ̀ sí i. Owó ìbọn kò sì ti ọ̀run bọ̀. Epo pupa àti irè oko ni wọ́n tà, wọ́n tún ta ènìyàn. Àwọn tí ogun kó ní ìlú kan di ẹrú ní ìlú mìíràn, kí wọ́n lè rówó ra ẹ̀tù àti ọta. Àwọn tó ń jà kí a má baà kó ọmọ wọn lẹ́rú kó ọmọ ẹlòmíràn lẹ́rú. Bí a bá ń ki Fábùnmi àti Ògèdèngbé ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Bí wọ́n ṣe sun ibùdó

Ó ti sú gbogbo ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 1881. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ̀wé sí ìjọba Èkó pé kí wọ́n wá bá wọn dá sí i. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó wá kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé mọ̀, wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà kiri láàárín ibùdó méjèèjì. Òun àti àlùfáà Charles Phillips tó wà ní Oǹdó rin ìrìn tí ẹsẹ̀ fi wú. Ní ọdún 1885, Ààrẹ Látòósà kú sí ojú ogun láìrí òpin rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà Èkó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kéde àlàáfíà lójú àwọn aṣojú ìjọba, lẹ́yìn náà ni ọmọ ogun túká, tí wọ́n sì ti iná bọ ibùdó. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú àdéhùn náà ni pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira lọ́wọ́ Ìbàdàn. Kò ní sí ajẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí Fábùnmi fa idà yọ fún lọ́dún 1878 bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ.

Ogun kò tíì tán pátá, torí Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì ń fà á ní Ọ̀fà títí di ọdún 1893 tí Gómìnà Carter fi gòkè wá láti Èkó. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni àwọn òyìnbó ti fi ìbọn Maxim, tó ń da ọta jáde bí òjò, ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ta ìbọn fún wa ti ní èyí tó ju tiwa lọ fíìfíì. Ní ọdún 1894, Kapitéènì Bower mú Ògèdèngbé, wọ́n sì rán an lọ sí Ìwó. Lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó jẹ oyè Ọbańlá ní Iléṣà, ó sì kú lọ́dún 1910. Òmìnira tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ìbàdàn, abẹ́ òyìnbó ni wọ́n gbé e lọ.

Orúkọ tí kò parẹ́

Ó ti pẹ́ tí Fábùnmi ti re ìwàlẹ̀ àsà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ki Òkè-Ìmẹ̀sí láìdárúkọ rẹ̀. Ọmọ Adó-Èkìtì kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjí Akíntóyè, kọ ìwé ńlá lórí àwọn ogun wọ̀nyí, èyí tó jáde lọ́dún 1971, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ bí ọ̀tẹ̀ Òkè-Ìmẹ̀sí ṣe yí ìtàn Yorùbá padà. Orúkọ Èkìtìparapọ̀ náà kò kú. Títí di òní, ibikíbi tí ọmọ Èkìtì bá ti kóra jọ, yálà ní Kánò ni o, tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, orúkọ tí ẹgbẹ́ wọn sábà máa ń jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, tí Adó-Èkìtì di olú-ìlú, ọ̀pọ̀ àgbà ló rí i bí èso igi tí àwọn ará Kírìjì gbìn.

Ṣakabùlà náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ní abúlé. Òfin ohun ìjà ọdún 1959 ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwọn ìbọn yòókù, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó gba ìwé àṣẹ. Bí ọmọdé bá bèèrè ohun tí ìbọn àtijọ́ tó wà ní àjà bàbá àgbà wà fún, ó yẹ kí a lè sọ fún un pé ó ní ọjọ́ kan tí irú rẹ̀ kò tó, tí ìlú tó ti ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ fi ní láti pawọ́ pọ̀, tí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó sì ní láti fi owó wọn sílẹ̀ fún ilé.

Ìbọn Snider ti dípẹtà. Àwọn tó yìn ín ti di erùpẹ̀, àwọn òkè tó dá a lóhùn sì wà níbẹ̀ láìfọhùn. Ìparapọ̀ tí ọmọ ọba kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí bẹ̀rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí ogun tí ohùn ìbọn yóò sọ lórúkọ mọ́ nílẹ̀ yìí.